Adùn inú Ìkòkò Tábà

Nínú ètò tí ó ṣáájú èyí, a sọ̀rọ̀ lórí àwọn ohun èlò tí ó máa ń wà nínú yàrá àwọn àgbà wa ní Abẹ́òkúta: orù omi, fìtílà elépo, apẹ̀rẹ̀ aṣọ àti ìkòkò tábà. Olóòtú ètò gbé ìkòkò amọ̀ kékeré kan kalẹ̀ lórí tábìlì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan láàrin wa mú un, ó gbé e sí imú, ó ní: "Ẹ forí jì mí, sà. Àwọn òyìnbó tí ń mu ìkòkò a máa sọ pé tábà kan ní òórùn oyin, òmíràn ní òórùn èso. Ti àwọn ìyá wa àgbà ńkọ́? Èwo ló dùn jù?" Àkókò ti tán, a kò lè dáhùn. Olóòtú yíjú sí mi, ó ní: "Ọ̀mọ̀wé, ọrùn yín ni gbèsè yìí wà o." Gbèsè náà ni mo wá san lálẹ́ òní.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́: n kò wá polówó tábà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ọmọ náà dára, nítorí bí a bá tọ adùn tábà lọ sí orísun rẹ̀, yóò mú wa dé ibi mẹ́ta: inú èdè wa, inú ìtàn òwò ẹrú tí ó tú ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn ká, àti inú ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí ń mu ún. Ohun tí mo fẹ́ kí a rí ni pé púpọ̀ nínú adùn yìí kì í ṣe ti ewé náà. Ènìyàn ni ó ń fi sí i, ẹni tí ó fi sí i sì ní ìdí tí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tí Èdè Wa Mọ̀

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ èdè, nítorí iṣẹ́ mi nìyẹn. Bí Yorùbá bá ń sọ̀rọ̀ tábà inú ìkòkò, ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ń lò fún omi, ẹ̀kọ àti ọtí ni a ń lò: a ń mu ún ni. Bí a bá fi ewé náà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, a ní a ń jẹ ẹ́. Bí a bá lọ̀ ọ́ pẹ̀lú káún, tí ó di aṣáárà, a ń fà á sí imú. Ọ̀nà mẹ́ta ni a fi ń gbà á, ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta sì ni a yà sọ́tọ̀ fún un.

Orúkọ tí a ń pè é kì í ṣe ti wa láti ilẹ̀. Ó bá tabaco àwọn Potogí tan, àwọn Hausa náà sì ń pè é ní taba. Ìdí ni pé Amẹ́ríkà ni a ti kọ́kọ́ ń gbin ewéko náà. Ní ọdún 1492, àwọn ọmọ ọkọ̀ Columbus rí àwọn ará Cuba tí ń mu èéfín rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni àwọn atukọ̀ ti gbé e káàkiri ayé. Àwọn awalẹ̀pìtàn tí ń ṣiṣẹ́ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà máa ń fi àfọ́kù ìkòkò tábà mọ ọjọ́ orí ilẹ̀ tí wọ́n ń wà: ibi tí wọ́n bá ti rí i, wọ́n á mọ̀ pé ibẹ̀ kò ṣáájú nǹkan bí ìparí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Síbẹ̀, àlejò náà jókòó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn agbẹ́gilére wa fi gbẹ́ ìkòkò sí ẹnu ère Èṣù. Ẹni tí kò mọ ìtàn lè rò pé tábà ti wà pẹ̀lú wa láti ìwáṣẹ̀.

Nísinsin yìí, kí ni a máa ń sọ bí a bá fẹ́ ya tábà kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì? Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá bàbá mi a máa mu ìkòkò nírọ̀lẹ́. N kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu rẹ̀ pé tábà dùn. Bí ó bá rà èyí tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, á ní, "Èyí le." Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á ní, "Ewé lásán ni wọ́n tà fún mi." Ọ̀rọ̀ ìyá náà pé, nítorí ohun mẹ́ta ni ó máa ń pọ̀ pọ̀ nígbà tí a bá ń pe nǹkan ní dídùn tàbí kíkorò. Èkíní ni ohun tí ahọ́n mọ̀: dídùn, kíkorò, kíkan, iyọ̀, àti adùn bí ti omi ẹran. Èkejì ni ohun tí imú ń gbọ́. Bí òtútù bá mú ni, tí imú dí, ọbẹ̀ tí ó dára jù lọ a di omi gbígbóná lásán lẹ́nu. Èyí fi hàn pé imú ni ó ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí a ń yìn ahọ́n fún. Ẹ̀kẹta ni bí nǹkan ṣe ń ta ni tàbí tí ó ń gùn ni. Ata kì í ṣe adùn. Ìrora ni ó ń fún ahọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni "líle" tábà kì í ṣe adùn. Oró inú ewé náà, tí a ń pè ní níkótíìnì, ni ìyá bàbá mi ń wọ̀n. Ní ọdún 1828 ni àwọn onímọ̀ méjì ní Jámánì yọ oró yìí lọ́tọ̀ kúrò nínú ewé. Oró náà ni ó ń mú kí ẹni tí ó mu tábà lónìí tún fẹ́ mu ún lọ́la.

Láfún, Gaàrí àti Ewé Tábà

Ibo ni òórùn oyin àti òórùn èso ti wá? Ẹ̀gbá kò gbọdọ̀ ṣe àlejò ìdáhùn yìí, nítorí láfún ti kọ́ wa. Pákí kan náà ni a ń hú lóko. Bí a bá rin ín, tí a fún omi rẹ̀, tí a yan án nínú agbada, gaàrí ni. Bí a bá rẹ ẹ́ kí ó rọ̀, tí a sẹ́ ẹ, fùfú ni. Bí a bá rẹ ẹ́, tí a sá a sí oòrùn lórí àpáta, tí a wá lọ̀ ọ́, láfún ni. Kò sí ẹni tí yóò tọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò tí yóò ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ó yà wọ́n.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ewé tábà. Irúgbìn àti ilẹ̀ ní ipa tiwọn, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a gbà mú un gbẹ ni ó ń pinnu púpọ̀. Ọ̀nà mẹ́rin ni ó gbajúmọ̀.

Ọ̀nà kìíní ni sísá a sí oòrùn. Báyìí ni wọ́n ń ṣe àwọn ewé kéékèèké ti ilẹ̀ Turkey àti Gíríìsì. Òórùn wọn kì í wúwo. Ó máa ń rántí ewé efinrin àti àwọn ewé olóòórùn mìíràn.

Ọ̀nà kejì ni fífi í kọ́ sí abẹ́ òrùlé tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ. Ewé náà kò tètè kú. Bí ó ti ń rọ díẹ̀díẹ̀ ni ó ń jẹ ṣúgà inú ara rẹ̀ tán. Tábà tí a ń pè ní Burley ni àpẹẹrẹ rẹ̀, èyí tí ẹ̀yà rẹ̀ funfun jáde ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1864. Kò dùn lẹ́nu. Òórùn ẹ̀pà sísun ni ó sún mọ́. Ṣùgbọ́n ó máa ń fa omi mu bí kànìnkànìn. Ohunkóhun tí a bá fi rin ín, ìbáà ṣe oyin, ìbáà ṣe ọtí, ni yóò gbà. Ẹ fi èyí sọ́kàn. A ó padà sí i.

Ọ̀nà kẹta ni yíyan án lórí èéfín igi. Latakia, tí ó gba orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ èbúté kan ní Síríà, tí a sì ń ṣe ní Cyprus pẹ̀lú, ni olórí wọn. Ẹni tí ó bá ti wọ ilé ìdáná níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja ti mọ òórùn rẹ̀ ná. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin rẹ̀ àti tábà tí a sá sóòrùn dà bí ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ẹja yíyan àti ẹja tútù.

Ọ̀nà kẹrin ni ti Virginia. A ń to ewé sínú ilé kan tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀ bí ó ti fẹ́. A ń dá iná síta, ooru rẹ̀ ń gba inú páìpù irin wọlé, ṣùgbọ́n èéfín kò kan ewé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ooru náà kì í ju ti ọ̀sán gangan lọ, nǹkan bí ìwọ̀n 35 sí 38 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Ní àkókò yìí ni ewé ń di pupa rúsúrúsú, tí sítáàṣì inú rẹ̀ ń di ṣúgà, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ń pọ́n. Lẹ́yìn náà ni a ó fi ooru kún ooru títí yóò fi ju 70 lọ, kí ewé lè gbẹ kí ó tó rí àyè jẹ ṣúgà náà. Láàrin nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún sí méje, iṣẹ́ ti parí. Nínú ìwọ̀n 100 ewé bẹ́ẹ̀ tí ó ti gbẹ, ṣúgà lè kó 15 sí 20. Ti Burley kì í sábà pé ìwọ̀n 1. Ìdí nìyí tí Virginia fi ń dùn, tí òórùn rẹ̀ sì dà bí ti koríko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé tí oòrùn pa. Ṣùgbọ́n bí a bá ń fà á ní ìkánjú, èéfín rẹ̀ a máa ta ni láhọ́n.

Mo tún gbọ́dọ̀ fi irú kan kún un, èyí tí ìyá oníirú wa yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní agbègbè St. James ní ìpínlẹ̀ Louisiana, wọ́n máa ń ki ewé tábà sínú àgbá ọtí, wọn á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidigidi, wọn á sì jẹ́ kí ó kan nínú omi ara rẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan. Perique ni wọ́n ń pè é. Ó dúdú, ó ń ta bí ata, ó sì ní òórùn èso tí ó ti pọ́n jù. Bí a kì í ti í fi irú nìkan se ọbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kì í sábà mu Perique nìkan. Díẹ̀ ni a ń fi sínú ọ̀pọ̀ Virginia.

Àdàlù inú Agolo

Ohun tí ó wà nínú agolo òyìnbó, àdàlù ni. Àdàlù ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní í ṣe pẹ̀lú Virginia, ewé ilẹ̀ Turkey àti Latakia: dídùn díẹ̀, òórùn ewé díẹ̀, èéfín púpọ̀. Àdàlù tí ó gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà a máa gbé Burley kalẹ̀, a máa fi Cavendish sí i, ìyẹn tábà tí a fi omi gbígbóná àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ sọ di dúdú, a ó sì wá wọ́n nǹkan dídùn lé e lórí: fàńílà, oyin, ọtí rọ́ọ̀mù tàbí ṣokoléètì. Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí ìyàtọ̀ yìí. Nínú àdàlù kìíní, iná, oòrùn àti àkókò ni ó ṣe púpọ̀ nínú adùn. Nínú èkejì, ìgò ni adùn ti wá. Ẹni tí ó bá sì ń kọjá lọ, tí ó ní "tábà yìí mà ń ta sánsán o", fàńílà ni ó ń gbọ́, kì í ṣe tábà.

Ti àwọn ìyá wa àgbà ńkọ́? Tábà tí wọ́n gbìn sí ẹ̀yìnkùlé, tí wọ́n sì fi afẹ́fẹ́ àti oòrùn gbẹ, kò ní ṣúgà tó bẹ́ẹ̀. Ó korò, ó sì le. Ohun tí a ń fi kún ti aṣáárà pàápàá, káún ni, kì í ṣe oyin. Káún a máa tú níkótíìnì sílẹ̀ kúrò nínú ewé, kí ó lè tètè gba inú awọ imú àti ti ẹnu wọ inú ẹ̀jẹ̀. Àwọn àgbà kò ní yàrá ìwádìí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé aṣáárà tí kò ní káún kò gùn. Nítorí náà, ìdáhùn mi sí ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ wa ni pé adùn kọ́ ni ìyá àgbà fi ń díwọ̀n tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n tábà kan wà tí ó dùn, tí ó sì wọ ilẹ̀ wa kí òyìnbó tó fi agolo dé. Ìtàn rẹ̀ kò dùn rárá.

Tábà Bàhíà

Ní Bàhíà ní orílẹ̀-èdè Bràsíìlì, ní àyíká ìlú Cachoeira, wọ́n ń gbin tábà, àwọn ẹrú sì wà lára àwọn tí ń ro oko náà. Ewé tí ó dára, Lisbon ni ó ń lọ. Èyí tí ó ti ya, tí a kà sí ìpele kẹta, òfin Potogí kò jẹ́ kí ó lọ síbẹ̀. Etíkun wa ni a yọ̀ǹda fún un. Kí ewé wẹ́wẹ́ yìí má baà fọ́nká, wọ́n á lọ́ ọ bí okùn, wọ́n á fi omi ìrèké sísè tí ó ki bí oyin pa á lára léraléra, wọ́n á ká a rogodo, wọ́n á sì fi awọ màlúù dì í. Omi ìrèké náà kò jẹ́ kí ó gbẹ lórí òkun. Ó sì fún un ní adùn àti òórùn tí tábà mìíràn kò ní.

Ohun tí Lisbon kọ̀ ni etíkun wa wá ń du. Ní Ouidah, ní gbogbo ọ̀rúndún kejìdínlógún, tábà Bàhíà ni àwọn oníṣòwò ń béèrè, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pàápàá ń wá a kí wọ́n lè rí ọjà rà. Àwọn Dọ́ọ̀ṣì tí wọ́n wà ní Elmina a máa gba ìdá kan nínú mẹ́wàá tábà inú ọkọ̀ tí ó bá ti Bràsíìlì wá kí wọ́n tó jẹ́ kí ó kọjá lọ sí apá ọ̀dọ̀ wa. Ọjà tí wọ́n ń fi í rà, ẹ̀yin ará, ènìyàn ni. Nígbà tí ó yá, Èkó náà di ibùdó ńlá fún òwò yìí, títí di ọdún 1851 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ọkọ̀ ogun lé Kòsọ́kọ́ kúrò.

Ẹ má jẹ́ kí a fi èyí ṣe ọ̀rọ̀ jíjìn. Ní ọdún 1821, ogun kó ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí ní Òṣogùn, nítòsí Ìsẹ́yìn. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. Nígbà tí ó dàgbà, tí ó di Samuel Àjàyí Crowther, ó kọ ìtàn ara rẹ̀ sínú lẹ́tà kan ní ọdún 1837. Ó sọ níbẹ̀ pé ní ìlú kan lójú ọ̀nà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tábà, ọtí rọ́ọ̀mù àti àwọn ẹrù mìíràn ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ òun. Orúkọ ìlú náà, bí ó ti kọ ọ́ sílẹ̀, jọ Ìkèrèkú, orúkọ tí Abẹ́òkúta ṣì mọ̀ títí di òní. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba Àjàyí sílẹ̀ lórí òkun ní ọdún 1822. Ní ọdún 1846, ó wá sí Abẹ́òkúta gẹ́gẹ́ bí àlùfáà, ibẹ̀ ni òun àti ìyá rẹ̀ ti tún fojú kan ara wọn lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Ẹni tí ó gba tábà náà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ti mu ún tán. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, ó ti di eérú. Ìyá Àjàyí fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n san owó rẹ̀. Nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìtàn òwò ẹrú, a máa ń dárúkọ ìbọn àti ọtí. Ó yẹ kí a dárúkọ adùn pẹ̀lú.

Ìsẹ́yìn, Ìbàdàn àti Èéfín tí a Ń Gbé Mì

Ẹ rántí Òṣogùn àti Ìsẹ́yìn. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn tí wọ́n kó Àjàyí lọ, tábà padà sí agbègbè kan náà lọ́nà mìíràn. Ilé-iṣẹ́ British American Tobacco dá ilé ìṣesìgá ìdánwò sílẹ̀ ní Òṣogbo ní ọdún 1933, wọ́n sì kọ́ ńlá sí Ìbàdàn ní ọdún 1937. Sìgá fẹ́ ewé Virginia. Àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn dé Agó-Àrẹ, kọ́ bí a ti ń gbin ín, wọ́n sì kọ́ àwọn ilé gíga tí a fi ń gbẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé ni owó tábà kọ́ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó sì rán ní ilé-ẹ̀kọ́. N kò ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyí. Ṣùgbọ́n igi inú igbó ni wọ́n fi dá iná náà, àwọn tí ń já ewé tútù a sì máa ṣàìsàn nígbà mìíràn, nítorí níkótíìnì ń gba awọ ara wọlé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ adùn ti di ọ̀rọ̀ ikú nìyí. Èéfín tábà dúdú tí a fi afẹ́fẹ́ gbẹ, ìṣesí rẹ̀ dà bí ti káún àti eérú. Ó máa ń gún ọ̀nà ọ̀fun, kò rọrùn láti gbé mì, ṣùgbọ́n níkótíìnì rẹ̀ lè gba inú awọ ẹnu wọlé láìjẹ́ pé ó dé àyà. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ẹni tí ń mu ìkòkò a máa fẹ́ èéfín síta láti ẹnu. Èéfín Virginia yàtọ̀. Nítorí ṣúgà inú ewé náà, èéfín rẹ̀ sún mọ́ kíkan bí ti ọsàn wẹ́wẹ́. Kì í gún ọ̀fun púpọ̀, ṣùgbọ́n kò rọrùn fún níkótíìnì rẹ̀ láti gba inú awọ ẹnu wọlé. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó gun òun gbọ́dọ̀ fà á wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Dídùn rẹ̀ ni ó ṣí ilẹ̀kùn àyà. Ohun tí ìyá bàbá mi ń tọ́ ní etí ẹnu, sìgá gbé e wọ ìsàlẹ̀ àyà ní ogún ìgbà lóòjọ́.

N kò wí pé ìkòkò kò léwu. Ìwé tí ọ̀gá àgbà àwọn oníṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 1964 ti so ìkòkò mọ́ àrùn jẹjẹrẹ ètè. Àwọn ìwádìí tí ó tẹ̀lé e so ó mọ́ ti ẹnu, ti ọ̀fun àti ti ẹ̀dọ̀fóró. Tábà jíjẹ àti aṣáárà náà kò yọ sílẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kà á, àwọn tí tábà ń pa lọ́dọọdún ní gbogbo ayé ju mílíọ̀nù méje lọ. Kò sí àdàlù kan nínú gbogbo èyí tí mo kà sílẹ̀ tí ó bọ́ lọ́wọ́ ìṣirò náà.

Adùn Òde Òní

Ẹ̀yin olùkọ́ lè bi mí pé: ta ni ń mu ìkòkò ní Abẹ́òkúta mọ́? Àwọn tí ó ṣẹ́ kù kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí àwọn ibi ìgbafẹ́ ní ìlú ńláńlá wa lálẹ́, ẹ ó rí ìkòkò mìíràn níbẹ̀, ìkòkò gíga tí omi wà ní ìdí rẹ̀, tí a ń pè ní ṣíṣà. Tábà inú rẹ̀ ni a fi oyin tàbí omi ìrèké pò, tí a sì fi òórùn ápù, èso àjàrà tàbí míǹtì sí. Ẹ kò gbàgbé okùn tábà Bàhíà, ẹ̀yin ará? Ohun kan náà ni. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò lè fa sìgá kan láìwúkọ́ a máa jókòó tì í fún wákàtí kan, wọ́n á ní omi ti fọ èéfín náà mọ́. Omi kò fọ̀ ọ́ mọ́. Ó kàn mú un tutù ni. Èéfín tí ẹnìkan ń fà ní ìjókòó kan bẹ́ẹ̀ ju ti sìgá kan lọ ní ìlọ́po lọ́nà púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni sìgá oníbátìrì tí ó ní òórùn máńgòrò, tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lè fi sápò bí ẹni fi kálámù sápò.

Àwọn ìjọba ti rí i pé adùn ni ìjẹ inú ìwọ̀. Ní ọdún 2009, Amẹ́ríkà fi òfin de àwọn sìgá tí a fi òórùn èso àti ti nǹkan dídùn sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fi míǹtì sílẹ̀. Ní ọdún 2020, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù de sìgá onímíǹtì. Lọ́dọ̀ wa, òfin ìdarí tábà ti ọdún 2015 kò gbà kí a ta tábà fún ẹni tí kò pé ọdún méjìdínlógún, kò sì gbà kí a máa ta sìgá ní ẹyọ ẹyọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dúró ní ibùdókọ̀ lẹ́nu àìpẹ́ yìí mọ bí a ti ń tẹ̀lé òfin náà tó.

Iṣẹ́ àwa olùkọ́ wà níbẹ̀. Kí a má kàn sọ fún ọmọ pé "tábà kò dára"; ó ti gbọ́ èyí títí ó fi sú u. Kí a bi í pé: kí ni ó ń dùn nínú rẹ̀? Ta ni ó fi adùn náà sí i? Kí ni ìbá wà níbẹ̀ bí a bá yọ ọ́ kúrò? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí ti ní ohun tí yóò fi gba ara rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Mo ti san gbèsè mi dé ìwọ̀n tí mo lè san án. Tábà kan ní òórùn ẹ̀pà, òmíràn ní ti ẹja yíyan, òmíràn ní ti koríko gbígbẹ, òmíràn a máa ta bí ata. Iná, oòrùn, afẹ́fẹ́ àti àkókò ni ó ya wọ́n, bí wọ́n ti ya láfún sọ́tọ̀ kúrò lára gaàrí. Ṣùgbọ́n èyí tí a fi oyin àti òórùn èso sí, ọwọ́ oníṣòwò ni ó fi sí i, láti Bàhíà ayé àtijọ́ títí dé ṣíṣà ayé òde òní, kí ẹnu lè gba ohun tí ara ìbá kọ̀.

Àwọn àgbà ní adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro. A ń jẹ ewúro tí ó korò, adùn á sì tẹ̀lé e. Ti tábà kò rí bẹ́ẹ̀. Adùn rẹ̀ ni ó ń ṣíwájú. Ẹ bi ìyá Àjàyí léèrè ohun tí ó gbẹ̀yìn.